Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Tí Wọ́n Ti Fọ́

Jẹjẹrẹ tí wọ́n gé kúrò nínú ìfun ńlá Ìbídùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ti rìn dé ilé ẹyin àti ilé ọmọ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wo inú ara kò sì dá a mọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Ìbídùn dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ẹ̀rọ náà, wọ́n fi aṣọ bò ó láti àyà dé orúnkún. Yàrá náà tutù. Ẹ̀rọ náà yí i ká, ó dúró díẹ̀ lókè ikùn rẹ̀, ó tún yí i ká. Ikùn náà ti wú débi pé ìró kò ká a mọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ sì ti padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Ohun tó gbé e wá nìyẹn. Kò tètè wá nítorí pé iṣẹ́ pọ̀, àti nítorí pé ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kò kánjú.

"Ìbídùn Akíngbadé. Jẹjẹrẹ wà ní ilé ẹyin ọ̀tún. Jẹjẹrẹ wà ní ilé ẹyin òsì. Ó ti kan ilé ọmọ. Orísun rẹ̀, ilé ẹyin. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, funfun."

Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan já bọ́ sínú àwo irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Nọ́ọ̀sì Arínọlá ṣà á, ó tú okùn tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì Ìbídùn, ó sì sín in mọ́ àwọn yòókù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibà àti ti ojú tó dùn ún lọ́dún kan.

"Ẹ tújú ká, Ìyá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Funfun ni. Ẹ̀yin lẹ ni ín, ara yín ló máa parí sí. Tó bá jẹ́ pupa ti àrùn ìdílé ni, ẹ̀yin àti gbogbo ọmọ yín lẹ ò bá jọ fi sọ́wọ́, ta ló sì máa wá fẹ́ wọn?"

Ìbídùn dúpẹ́. Ó mọ̀ pé jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dúpẹ́ fún, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin ni, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fún ìdílé Gbóyèga, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Funfun lòun ń gbàdúrà fún láti àárọ̀.

Nígbà tó wọ aṣọ tán, Dókítà Ìyùnadé wọlé. Obìnrin gíga ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ní ìwà kan, ó máa ń fa etí ara rẹ̀ tó bá ń ronú. Ó ní kí nọ́ọ̀sì lọ bá òun wo ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ó wá dúró síwájú àwòrán inú Ìbídùn tó hàn lára ògiri. Ó wò ó títí. Ó ń fa etí.

"Méjèèjì ló mú," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọ̀tún àti òsì. Ẹ sì wo bó ṣe lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ láti ìta. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe jókòó."

"Ẹ̀rọ ní ilé ẹyin ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ohun tó bá rí lórí okùn yín ni ẹ̀rọ fi ń ronú, Ìyá. Nígbà mìíràn, kì í sì wọ́pọ̀, nǹkan lè ti ibòmíràn rìn dé ibẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn ilé ẹyin kò ní ràn án. Oògùn ibi tó ti wá ló máa ràn án."

"Ibòmíràn bíi ibo?"

Lára ògiri, àtùpà òfin tó kéré bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di ìyeyè. Gbogbo yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn ní Ayégbàmí ló ní irú rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ béèrè ohun tí òfin ní kí wọ́n má béèrè. Dókítà gbé ọwọ́ sókè, kò wo àtùpà náà, Ìbídùn ló wò.

"Èmi ò bi yín ní nǹkan kan o, Ìyá. Ẹ̀yin náà ò sì dá mi lóhùn."

"Dókítà, aṣọ ni mò ń rán. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ ọ́."

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Òfin ni mo lè kà fún yín. Ṣé kí n kà á?"

"Ẹ kà á."

Dókítà kà á ní àkọ́sórí, bí ẹni tó ti ń kà á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní ẹni tí wọ́n ti fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lè ní kí wọ́n tún un sín, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í. Tí wọ́n bá tún un sín, ẹ̀rọ yóò wo ara rẹ̀ lákọ̀tun, yóò sì mọ oògùn tó yẹ ẹ́. Tí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ pupa, gbogbo ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ yóò gba irú rẹ̀ sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ti ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fún ìdílé ọkọ tàbí ìdílé ìyàwó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó wà lórí okùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò wà níbẹ̀, òbí kò lè fi kún un mọ́.

Ó wo ojú fèrèsé.

"Nọ́ọ̀sì ní ẹ ń ṣe ìnáwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Ọmọ mi ni. Ọmọ́tánwá, èyí tó ń wa ọkọ̀ okùn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń rọra dúró, kì í mi ènìyàn jìgìjìgì. Ọjọ́ Ajé ni oògùn yín máa bẹ̀rẹ̀, Ìyá, èyíkéyìí tó bá jẹ́. Kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn." Ó tún fa etí. "Ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta á ti ṣú kí ọjọ́ Ajé tó mọ́."

Àtùpà náà padà sí àwọ̀ ewé. Ìbídùn ti gbọ́ ọ yé. Kí wọ́n ka ìlẹ̀kẹ̀ Tánwá tán, kí òun wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òun nìkan ni yóò fi pupa sọ́wọ́, ọmọ á ti wà nílé ọkọ rẹ̀. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ó dìde, ó kí dókítà, dókítà sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ ṣe ń ṣe fún àgbà. Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbọ́ nínú yàrá náà lọ.

Ọkọ̀ okùn, èyí tó ń rìn lórí okùn irin láti àpáta kan dé èkejì, ló gbé e padà sílé. Orí àpáta ni ìlú Ayégbàmí wà. Àwọn tí omi lé kúrò ní etí òkun ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà ayé àwọn ìyá wọn àgbà. Láti inú ọkọ̀, ó ń wo àwọn aṣọ òjò tí wọ́n ta láti àpáta kan dé èkejì, aṣọ fífẹ̀ tó ń gba òjò sínú táńkì, èyí tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ rán pọ̀ nínú wọn. Ó mọ irú ohun tí dókítà ń sọ. Tí omi bá ń kán lábẹ́ aṣọ òjò, ẹni tó bá lẹ ibi tó ti ń kán kàn ń fi àkókò ṣòfò. Ibi tó ya wà lókè, omi ló rìn wá síbí.

Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n ti gé jẹjẹrẹ náà, ọdún ti gorí ọdún, kò padà. Òfin ní kí wọ́n fọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ wà láyé nígbà náà. Akàlẹ̀kẹ̀ gbé ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà sórí irin pẹlẹbẹ, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó di ìyẹ̀fun. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ búra pé àwọn ò rí i, àwọn ò gbọ́ ọ, àwọn ò ní sọ ọ́, kódà nínú ilé. Akàlẹ̀kẹ̀ kìlọ̀ pé ẹni tó bá sọ ọ́ fún dókítà kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ ní gbangba kò ní jókòó sí àga òbí níbi ìkàlẹ̀kẹ̀ mọ́ títí ayé rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọdé kì í so okùn ìlẹ̀kẹ̀, nítorí náà Tánwá kò gba pupa tirẹ̀ nígbà náà. Wọ́n sọ fún Tánwá kékeré pé ìlú kejì ni ìyá rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe òfin burúkú. Ìbídùn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní burúkú lójú òun. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin kan dàgbà di arúgbó láì lọ́kọ nítorí wárápá tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣubú rí. Bí ọkọ bá ti yọjú, àwọn ènìyàn ọkọ á rán ẹni tí yóò wádìí, aládùúgbò kan á sì ti sọ ọ́ kí omi tutù tó dé iwájú àlejò. Òfin ló pa irú ìyẹn run. Obìnrin náà ì bá gbádùn ayé rẹ̀ ká ní òfin náà ti wà nígbà èwe rẹ̀.

Ó sọ fún Tánwá nírọ̀lẹ́ pé funfun ni. Tánwá di mọ́ ọn, ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè bóyá oògùn náà máa mú irun rẹ̀ re. Ìbídùn ní tó bá re, òun á fi gèlè bò ó, kò tún sí ẹni tó ń wo irun òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbídùn ń ti irun ọmọ rẹ̀ sábẹ́ gèlè nínú yàrá. Oòrùn ti yọ dáadáa. Àkàrà gbígbóná wà lórí tábìlì, Tánwá kò fọwọ́ kàn án. Ìgò kékeré kan ló fà yọ nínú àpò, ó ṣí i, ó gbé e mu, ó sì fajú ro.

"Kí lò ń mu?"

"Àgbo."

"Àgbo kí ni?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni, Màámi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ló ń bá mi jà. Gbóyèga ní kí n fi dódò sílẹ̀, mo ní kóun náà fi ẹmu sílẹ̀, a ò tíì fẹnu kò."

Ọwọ́ Ìbídùn dúró lórí gèlè.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Màámi, ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ìyàwó lẹ fẹ́ fi àárọ̀ yìí sọ?"

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

"Ó máa ń wà. Díẹ̀ ni. Ó ti pẹ́, kò sì dùn mí rárá. Àwọn tá a jọ ń wa ọkọ̀ náà ń mu ún, ìjókòó pípẹ́ ló fà á."

Kò sì dùn mí rárá. Ọ̀rọ̀ tí Ìbídùn fúnra rẹ̀ ń sọ nìyẹn nígbà tó wà ní nǹkan bí ọjọ́ orí yìí. Òun náà mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí ó fi sú u. Gbogbo ènìyàn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sè ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ìyá ọkọ rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, òun náà sì fi ṣúgà sílẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ joro ni wọ́n tó gbé e dé iwájú ẹ̀rọ.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Tánwá, jókòó."

"Ọkọ̀ ń dúró dè wá."

"Jẹ́ kó dúró."

Ó sọ ọ́ fún un. Kò yí i po. Ó sọ ibi tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí dókítà rí àti ohun tí dókítà kò lè béèrè. Ó ní ẹ̀rọ kì í wo ìfun ọ̀dọ́ tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́wọ́, kò sì sí dókítà tó lè pa á láṣẹ fún un. Ó ní tí wọ́n bá ti ka ìlẹ̀kẹ̀ náà tán lónìí, ó parí nìyẹn.

Tánwá ń wo okùn ọwọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Funfun mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ní ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ," ó wí.

"Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ bá mi ra bàtà pupa kan bọ̀. Ẹ ní ọ̀gá yín ló fún mi."

"Bàbá rẹ ló rà á."

Tánwá fi ìdérí dé ìgò rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ dúró di ọjọ́ Ajé. Ohun tí dókítà náà ní kí ẹ ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ lọ gba oògùn yín, ara yín á yá, èmi á wà nílé Gbóyèga, a ó máa wá kí yín."

"Dókítà kò mọ̀ nípa àgbo tó wà lọ́wọ́ rẹ."

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni, Màámi. Gbogbo ayé ló ń ṣe. Tiyín ni tiyín, tèmi ni tèmi. Ẹ má gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi." Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ìbídùn wò ó. Ojú náà dà bí ojú bàbá rẹ̀, kò le, kò sì rọ̀.

"Ó dáa," ló wí.

Gbọ̀ngàn ìkàlẹ̀kẹ̀ kò tóbi. Àga òbí wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àga onígi tí wọ́n gbẹ́ apá rẹ̀, àwọn ènìyàn yòókù jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwo ẹ̀rọ wà láàárín, ó fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ. Àtùpà òfin wà lókè rẹ̀, ti ibí tóbi tó ojú ènìyàn.

Ìyá Gbóyèga, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín tó ń ta èso orí àpáta, ti jókòó síbi tirẹ̀. Bó ṣe rí Ìbídùn ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ọmọ́tánwá, ikùn wo rèé? Ṣé àbúrò lẹ fẹ́ bí fún ìyàwó wa ni? Ẹ kúkú jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bí tirẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ọmọ ni, ilé yín ni màá gbé e wá," ni Ìbídùn wí. "Ẹ̀yin lẹ ní àyè."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbóyèga wo ìlẹ̀kẹ̀ funfun tuntun náà, ó sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run wò ó sàn. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Akàlẹ̀kẹ̀ náà ti dàgbà gan-an, òun ló fi òòlù lu ìlẹ̀kẹ̀ Ìbídùn nígbà náà. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó rántí. Gbóyèga ló kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú àwo. Ẹ̀rọ náà ka ìgbóná àti apá tó kán. Akàlẹ̀kẹ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá gbogbo rẹ̀ nìyí. Ìyá Gbóyèga ní gbogbo rẹ̀ nìyí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọmọ́tánwá ki ọwọ́ bọ ọ́. Ibà, eyín, ẹsẹ̀ tó yẹ̀. Ó dúró gbọingbọin, ó rẹwà, ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Ìyá ọmọ," ni akàlẹ̀kẹ̀ wí, "ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

Gbogbo òbí ló ń dáhùn rẹ̀ bákan náà, àti ẹni tí wọ́n fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ fún àti ẹni tí wọn ò fọ́ fún. Kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́. Bí ènìyàn ṣe ń ṣe àmín sí àdúrà ni. Ìbídùn ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nínú àwo, ó rí eegun ọrùn ọwọ́ náà tó ti yọ síta ju ti ọdún tó kọjá lọ. Òun ló ń rán aṣọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dín ẹ̀wù rẹ̀ kù lọ́dún yìí, ó rò pé ìfẹ́ ló ń mú un rù.

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀," ló wí.

Akàlẹ̀kẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ ronú o."

"Mo ti ronú. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan wà, ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni. Ó ti dé ilé ọmọ mi báyìí. Ẹ tún un sín, kí ẹ sì sín ti ọmọ mi kó tó yọ ọwọ́ nínú àwo yẹn."

Kò sẹ́ni tó pariwo. Àtùpà tó wà lókè di ìyeyè, ó sì pọ́n. Ojú gbogbo wọn pọ́n lábẹ́ rẹ̀, àga pọ́n, ògiri pọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan já bọ́ sínú àwo, lẹ́yìn náà òmíràn.

Tánwá kò wo ìyá rẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́ sí akàlẹ̀kẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, wọ́n sì sín tirẹ̀. Akàlẹ̀kẹ̀ sín ti Ìbídùn náà. Kò tètè rí ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà.

"Ẹ dìde lórí àga, Ìyá," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìbídùn dìde. Wọ́n gbé àga náà síta láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn ará ilé Gbóyèga ń kó ẹrù wọn láì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbóyèga dúró lójú kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò, títí bàbá rẹ̀ fi fà á lápá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn, ó dúró. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ni kò ní èyí tí wọ́n ti fọ́?" ó wí sí i létí. "Ṣé ẹ rò pé èmi ò ní? Tí ẹ bá dákẹ́, èmi náà ń dákẹ́. A jọ máa dákẹ́ ni, ọmọ á sì jókòó sílé ọkọ rẹ̀. Àtùpà ti pọ́n báyìí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ má ṣe nǹkan kan," ni Ìbídùn wí. "Tí tiyín bá jẹ́ pupa, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo Gbóyèga."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ náà tún yí Ìbídùn ká. Ohùn kan náà ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí kò sọ ohun mìíràn rí. "Orísun rẹ̀, ìfun ńlá." Oògùn mìíràn ni wọ́n gbé wá. Dókítà Ìyùnadé kò purọ́ fún un, ó ní kò ní lọ tán, ṣùgbọ́n ó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Irun Ìbídùn re. Ikùn rẹ̀ fà díẹ̀díẹ̀, ìró sì tún ká a.

Ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ̀rọ wo Ọmọ́tánwá. Kókó ló wà nínú ìfun rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti yí padà, kò tíì jẹ ògiri ìfun já. Wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Dókítà ní ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ ni, kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó fa etí.

Tánwá kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó ń kí i, ó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà ni. Ìbídùn kò bẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣèlérí, ó ti yẹ àdéhùn, kò sí ohun tí ẹ̀bẹ̀ fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ara Tánwá yá, ó padà sídìí ọkọ̀ okùn. Gbóyèga wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Tánwá gbé e kọjá láti àpáta kan dé èkejì, ó rọra dúró, ọkùnrin náà sì sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ náà ni Tánwá wọ yàrá ìyá rẹ̀ nígbà tó délé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì ní, "Màámi, ẹ sún."

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún ní òun fẹ́ fẹ́ Tánwá. Ẹni tó wá náà ní pupa tirẹ̀ lọ́wọ́, ti àrùn ẹ̀jẹ̀. Ìdówù ni orúkọ rẹ̀, ó ń tún táńkì òjò ṣe, kò gbọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí Tánwá jẹ dódò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìlẹ̀kẹ̀ wọn, Tánwá fúnra rẹ̀ gbé àpótí kan síta gbọ̀ngàn, sábẹ́ aṣọ òjò, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó mú ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìbídùn lè tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ṣé ó gún?"

"Ó gún," ni Ìbídùn wí. "Lọ, wọ́n ń dúró."

Ó wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àbúrò bàbá Tánwá obìnrin ló jókòó sí àga òbí. Láti ìta, Ìbídùn gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ka ti ìfun láì sí ariwo. Ó gbọ́ tí akàlẹ̀kẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ bóyá gbogbo rẹ̀ nìyí.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìbídùn ti la ẹnu kó tó rántí pé òun kò sí lórí àga náà mọ́. Ó pa á dé, ó fi ọwọ́ lé ìtan. Nínú gbọ̀ngàn, obìnrin mìíràn dáhùn fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.